Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ìjà ilẹ̀

Bí ọjọ́ bá rọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Kútọnu, ẹ ó rí àwọn ọmọ wa nínú aṣọ funfun, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń tàpá sókè, tí wọ́n ń kan ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Kàráté ni àwọn kan ń kọ́, tàìkíwóńdò ni àwọn mìíràn ń kọ́, àwọn kan sì ti wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ohun tó dára ni. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìgbọràn, ó ń mú ara le, ó sì ń gba ọmọ kúrò nídìí ọtí àti igbó. Láti ìgbà tí Cheick Cissé ará Kódífuà ti gba wúrà, tí Abdoulrazak Issoufou ará Nìjẹ̀r sì gba fàdákà nínú tàìkíwóńdò ní Rio ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè wa ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ lè gbé e dé ibi gíga. A kò ní ọ̀rọ̀ búburú kan láti sọ sí i.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ bi àwọn olùkọ́, àwọn òbí àti àwọn ọmọ náà fúnra wọn: bí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ í jù bá ṣubú ńkọ́? Bí ẹni tó tóbi jù ú lọ bá sáré wọlé sí i lára, tó gbá a mú ní ìbàdí, tó sì gbé e lulẹ̀, kí ló kù tó lè ṣe? Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ìdáhùn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, orí ìnàró ni. Ilẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Èrò tiwa nìyí: ó tó àkókò kí ẹni tó ń jà lórí ìnàró kọ́ ìjà ilẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn olùkọ́ wa má sì kà á sí ìtìjú láti tún di ọmọ ẹ̀kọ́. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ayé rí ní ọdún 1993

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1993, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọkùnrin mẹ́jọ jọ kí wọ́n bá ara wọn jà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìjà oríṣiríṣi ni wọ́n mọ̀. Akànṣẹ́ wà níbẹ̀, oníkàráté wà níbẹ̀, ẹni tó sanra tó ń ja sumo ti àwọn ará Japan wà níbẹ̀, ẹni tó mọ savate, ìjà ẹsẹ̀ ti àwọn ará Faransé, wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé nínú gbogbo ìjà, èwo ló ju èwo lọ.

Ẹni tó borí kì í ṣe akànṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tó mọ ẹsẹ̀ í jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ará Brazil, Royce Gracie lorúkọ rẹ̀. Kò wúwo ju nǹkan bí kílò 80 lọ. Bó ti ń ṣe é ni pé yóò sún mọ́ ọ, yóò dì mọ́ ọ, yóò gbé ọ lulẹ̀, níbẹ̀ ni yóò sì ti parí ọ̀rọ̀. Akànṣẹ́ tó kọ́kọ́ bá a jà, Art Jimmerson, wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Gracie gùn ún mọ́lẹ̀, ó rí i pé òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe lábẹ́ rẹ̀, ó sì túúbá. Ẹni tó bá a jà kẹ́yìn, Gerard Gordeau ará Holland tó mọ savate, ẹ̀yìn ni Gracie gbà yọ sí i tó fún un lọ́rùn. Ìjà mẹ́ta ni ó jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ibo ni ìjà yìí ti wá? Ní Japan, ní ọdún 1882, Jigoro Kano dá ìjà jùdó sílẹ̀. Mitsuyo Maeda tó kọ́ ọ níbẹ̀ dé Brazil ní ọdún 1914, ó sì fi ìlú Belém ṣe ibùgbé. Ìdílé Gracie kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Hélio tó jẹ́ bàbá Royce kò ní ara ńlá, kò sì lágbára púpọ̀. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni ó ti ń wá ọ̀nà tí ẹni kékeré fi lè mú ẹni ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní jiu-jitsu ti Brazil. Brazil kan náà tí àwọn Àgùdà wa ní Àjàṣẹ́ ti padà wálé ni. Wọ́n kó orúkọ, oúnjẹ àti ìmọ̀ ilé kíkọ́ bọ̀. Ìjà yìí kò bá wọn dé, nítorí pé wọn kò tíì dá a sílẹ̀ nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ni.

Ọmọ wa tó kọ́ ọ, tí ilẹ̀ tún gbá mú

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń wo ìjà lórí fóònù ni ẹ mọ Israel Adesanya. Ọmọ Yorùbá ni, Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1989. Ó kọ́ tàìkíwóńdò díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí New Zealand. Níbẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó pé ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ ní tòótọ́, ó sì di ọ̀gá nínú rẹ̀: ìjà 75 ló borí, márùn-ún péré ló pàdánù.

Nígbà tó wọ inú ìjà UFC ní oṣù kejì ọdún 2018, níbi tí a ti lè kan ẹ̀ṣẹ́, tí a lè tàpá, tí a sì lè jìjàkadì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń béèrè: bí wọ́n bá gbé e lulẹ̀ ńkọ́? Kò gbójú lé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó ti so ìgbànú jiu-jitsu mọ́dìí, ó ti ń bá àwọn ajìjàkadì yí nínú òógùn ní Auckland. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, nígbà tó ń bá Kelvin Gastelum jà, ní ìpele karùn-ún tó kẹ́yìn, tó ti rẹ àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ tó fi ń tàpá ni ó fi há Gastelum lọ́rùn. Gastelum bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Adesanya ló borí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó na Robert Whittaker ní Melbourne lójú ènìyàn tó ju 57,000 lọ, ó sì di ọba nínú ìwọ̀n tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ó gòkè lọ bá Jan Błachowicz ará Poland jà, ẹni tó wúwo jù ú lọ. Ní ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún, Błachowicz gbé e lulẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àkókò fi tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò borí rẹ̀ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Marvin Vettori ará Ítálì gbìyànjú irú ọgbọ́n kan náà. Ó gbé e lulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Adesanya ń dìde ni, ó sì borí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn: ó ti wo ẹ̀yìn láàárín oṣù mẹ́ta náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní Perth, Dricus du Plessis ará South Africa gbé e lulẹ̀ ní ìpele kẹrin, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún orí àti ọrùn rẹ̀ títí Adesanya fi fọwọ́ gbá a pé ó tó. Kò sí ẹni tó ti mú un túúbá bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjà ilẹ̀ tó kọ́ kò wúlò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá kọ́ ọ ni, ọdún 2018 ni wọn ì bá ti na ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, a kì bá má mọ orúkọ rẹ̀ rárá. Ìwọ̀nba tó kọ́ ló fi jọba. Ohun tó sọ fún wa ni pé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kì í tán.

Ẹ tún wo Alex Pereira, ará Brazil tó gba ìgbànú lọ́wọ́ Adesanya ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré ni, tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dà bí òòlù. Síbẹ̀, ìjà àkọ́kọ́ tó jà ní ọdún 2015 níbi tí a ti lè jìjàkadì, wọ́n fún un lọ́rùn ni. Ó wá lọ bá ọmọ ìlú rẹ̀, Glover Teixeira, tó mọ ilẹ̀ dáadáa, ó sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ti ń gba owó ìjà, tó ti lórúkọ nínú ẹ̀ṣẹ́, tún di akẹ́kọ̀ọ́. Èyí gan-an ni ohun tí a ń bá àwọn olùkọ́ wa sọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ni bí a ṣe ń ṣubú. Ẹni tí kò kọ́ ọ, ọwọ́ ni yóò nà sẹ́yìn láti fi gba ilẹ̀. Ọrùn ọwọ́ á ṣẹ́, tàbí kí èjìká yẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ á ki àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà gbá ilẹ̀, á ká ẹ̀yìn rẹ̀ bí igbá, á sì fi odindi apá lu ilẹ̀ kí agbára ìṣubú náà lè tú ká. Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ìjà nìkan. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ẹrẹ̀ lọ́jà, ọmọ tó ń sáré kiri, gbogbo wọn ni yóò ṣubú lọ́jọ́ kan. Ìyẹn nìkan tó owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ìkejì, wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti mọ ibi tí òun wà. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ẹni tó wà lókè ló ń borí, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ẹnìkan gun ẹ̀yìn rẹ nígbà tí o dojú bolẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni kó jókòó sí ọ ní ikùn. Ṣùgbọ́n bí o bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, tí o sì fi ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì gbá a ní ìbàdí, ìjà kò tíì parí. Ẹsẹ̀ lágbára ju apá lọ. O lè fi tì í, o lè fi fà á, o lè fi dojú rẹ̀ dé. Láti abẹ́ ni o ti lè borí.

Ìkẹta, ìbàdí ni ọ̀gá lórí ilẹ̀. Ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ á fẹ́ fi apá ti ẹni tó gùn ún kúrò. Bí ó ti ń tì í ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ á ní kó fi apá sílẹ̀, kó ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbé ìbàdí, kó sì fà á sẹ́yìn bí edé ti ń fò sẹ́yìn nínú omi. Àní orúkọ edé ni àwọn onijiu-jitsu fi ń pe ìrìn náà. Ẹ̀yin ará ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Ìkẹrin, wọ́n ń tú àwọn àṣà kan tí ìnàró ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá na apá tọ́ọ́rọ́ sókè láti abẹ́, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tọrẹ nìyẹn: wọ́n á gbá a mú, wọ́n á sì ká a sódì. Ẹni tó bá yíjú pa dà nítorí kó lè tètè dìde, ó ti fi ẹ̀yìn lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹni tó bá tàpá láìṣọ́ra, wọ́n á gbá ẹsẹ̀ náà mú, orí ẹsẹ̀ kan ni yóò sì kù. Èémí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó lè ja ìpele márùn-ún lórí ìnàró láìmí gúlegúle, bí ẹni tó wúwo bá tẹ̀ ẹ́ ní àyà, ìṣẹ́jú méjì kò ní kọjá tí yóò fi máa wá èémí. Ìbẹ̀rù ló ń jẹ èémí náà, kì í ṣe àìlera. Bó bá ti bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ìkarùn-ún, wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti fọwọ́ gbá ilẹ̀ tàbí gbá ẹni tó ń bá a jà, kí ó fi sọ pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká tẹnu mọ́ èyí. Bí wọ́n bá fún ọrùn ènìyàn lọ́nà tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè gòkè dé ọpọlọ, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tí yóò fi dákú. Nítorí náà, ẹni tó bá gbá ilẹ̀, kí ẹlòmíràn jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúró. Lórí ìlànà kékeré yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró. Ìgbéraga kò ní àyè níbẹ̀: ẹni tó kọ̀ láti gbá ilẹ̀ á dákú, tàbí kí apá rẹ̀ ṣẹ́.

Ìkẹfà tí í ṣe ìkẹyìn, bí a ṣe ń dìde. Ọwọ́ kan nílẹ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ níwájú, ọwọ́ kejì ń dáàbò bo ojú, ẹsẹ̀ kejì á yọ́ gba abẹ́ padà sẹ́yìn. Fún ẹni tó jẹ́ pé ìnàró ni oko rẹ̀, ibí ni ẹ̀kọ́ náà ń lọ. Kì í ṣe kó sọ ilẹ̀ di ilé, bí kò ṣe kó mọ ọ̀nà tí yóò fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àǹfààní kan sì wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í tètè rí. Ẹni tó ń bẹ̀rù ilẹ̀ kì í lè tàpá tẹ̀mítẹ̀mí. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bí wọ́n bá gbá ẹsẹ̀ yìí mú, òun gbé. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà àbájáde ló ń ju ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Ìjà ilẹ̀ kò gba ìnàró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà fún un ni.

Ìjàkadì tiwa dópin níbi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé: ṣé àwa kò ní ìjàkadì ni? A ní. Gídígbò kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ayé ló mọ àwọn ará Ọ̀fà mọ́ ọn. Ní Tógò, àwọn Kábíyè ní agbègbè Kárà ń ṣe Evala lọ́dọọdún ní oṣù keje, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń jìjàkadì kí wọ́n tó kà wọ́n mọ́ ọkùnrin. Ní Senegal, ìjàkadì ń kún pápá ìṣeré, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń di ọlọ́rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí òfin wọn. Bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Wọ́n á lu ìlù, wọ́n á gbé ẹni tó borí sókè, ẹni tó ṣubú á gbọn iyanrìn kúrò lára, á sì lọ. Èyí kọ́ wa láti má ṣe ṣubú, ìmọ̀ ńlá sì ni. Ohun tí kò kọ́ wa ni ohun tí à á ṣe bí a bá ti ṣubú. Lójú wa, ìṣubú ni ìparí, ìtìjú sì ni. Lójú àwọn onijiu-jitsu, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá so méjèèjì pọ̀, kò sí ibi tí ọmọ wa kò lè dé. Oumar Kane, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, ajìjàkadì ìbílẹ̀ Senegal ni. Orí iyanrìn ló ti kọ́ṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Bangkok, ó borí Anatoly Malykhin ará Rọ́ṣíà, ó sì gba ìgbànú àwọn tó wúwo jù ní ONE. Ìjàkadì baba rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìjà ilẹ̀ kún un. Tiwa wá lè gba ọ̀nà kejì: ká ti orí kàráté àti tàìkíwóńdò lọ sí ilẹ̀.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan ń sọ pé ìjà ilẹ̀ kò dára fún ìta. Bí o bá ń bá ẹnìkan yí nílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbá ọ ní orí, ilẹ̀ ìta sì kún fún òkúta àti àfọ́kù ìgò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí ìyẹn ni a fi sọ pé kí a kọ́ ọ láti lè dìde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò pẹ́ nílẹ̀ jù. Àti pé kò sí ìjà ìta tó dára: ẹni tó bá lè sá, kó sá.

Àwọn mìíràn ní kò bójú mu kí ọkùnrin méjì máa di mọ́ ara wọn nílẹ̀, tàbí kí obìnrin kọ́ irú rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Ọmọbìnrin tí ẹni burúkú bá kì mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tó kọ́ láti jù sókè kò ní ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìbàdí tó mọ bí a ti ń yọ́ kúrò lábẹ́ ẹni tó wúwo lè fún un ní àyè láti dìde, kó pariwo, kó sì sá. Kò dájú pé yóò gbà á nígbà gbogbo, a kò sì ní fi ẹ̀bi lé ẹni tí kò lè bọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ dù ú. Bí ìdílé bá fẹ́, kí obìnrin máa bá obìnrin kọ́ ọ.

Àwọn kan ní owó ẹní pọ̀. Òótọ́ ni pé tàtámì wọ́n ní sẹ́fà. Ṣùgbọ́n orí kí ni àwọn ajìjàkadì Senegal ti ń ja ìjà wọn? Iyanrìn ni. Iyanrìn tí a sẹ́, tí a ṣa òkúta rẹ̀, tó jìn dáadáa, tó fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń ṣubú, bí a ṣe ń yí, bí a ṣe ń dìde. Bí owó bá dé, kí wọ́n wá ra ẹní.

Ewu tí àwa rí kò sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Fóònù ni ó wà. Àwọn ọmọ ń wo bí wọ́n ṣe ń fún ọrùn lórí fóònù, wọ́n sì fẹ́ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé, láìsí olùkọ́, láìmọ̀ pé ẹni tó gbá ilẹ̀ ni à ń jọ̀wọ́. Ọrùn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Ewu kékeré mìíràn ni àrùn ara: làpálàpá a máa ràn níbi tí ara ti ń kan ara. Kí wọ́n fọ ẹní, kí wọ́n gé èékánná, kí wọ́n wẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá dúró sílé.

Ohun tí a ń béèrè

Ẹ̀yin olùkọ́ kàráté, tàìkíwóńdò àti ẹ̀ṣẹ́, a bẹ̀ yín, ẹ má dúró kí ẹlòmíràn wá gba ọmọ yín lọ. Olùkọ́ jùdó wà ní àwọn ìlú ńlá wa. Jùdó sì ní ìjà ilẹ̀ nínú, àti ìṣubú tí a kò fi ń fara pa. Ẹ pè é wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù nínú irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ojú ti ìtìjú. A mọ̀ pé ó nira kí ẹni tó ti so ìgbànú dúdú láti ọdún pípẹ́ tún so funfun, kí ọmọ tó lè bí wá mú un mọ́lẹ̀ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kó sì fọwọ́ gbá ilẹ̀. Nínú jiu-jitsu, láti funfun dé búlúù, dé àlùkò, dé búráùn, dé dúdú, ó sábà máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọ́ ohun tuntun kì í fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ga jù lọ ni ọ̀gá náà ń kọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń san owó, nígbà tí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ẹ ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣubú? Ṣé ẹ ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dìde? Ṣé ẹni tó gbá ilẹ̀, ẹ ń jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Bí olùkọ́ bá dáhùn dáadáa, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kí gídígbò padà sí ojúde. Kí àwọn ọ̀dọ́ jà bí àwọn baba wa ti ń jà, kí ẹni tó bá fẹ́ sì fi hàn lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí à ń ṣe nígbà tí ẹ̀yìn bá kan ilẹ̀. Ìlù kan náà ni a ó lù fún méjèèjì.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka èyí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Ẹni tó ń ta ọjà kan ṣoṣo mọ̀ pé ọjọ́ tí ọjà náà bá wó, ilé rẹ̀ ni yóò wó lé. Èyí tó gbọ́n á ti kọ́ òwò mìíràn nígbà tí èyí tó ń ṣe ṣì ń tà. Bákan náà ni ti ẹni tó ń tàpá. Kó kọ́ ilẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ìnàró, kì í ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá na ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.